NÍGBÀ TÍ ẸNI TÍ Ẹ JỌ ṢIṢẸ́ BÁ TI ÌLẸ̀KÙN FÓÒNÙ MỌ́ Ọ

Ẹ̀kọ́ tí a ó jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí kì í ṣe lórí àlùwàlá tàbí ààwẹ̀. Ó jẹ́ lórí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá: kí ẹni tí ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ rí dédé gé ọ kúrò lórí WhatsApp tàbí Facebook, láìsọ ohun tí o ṣe fún ọ.

N kò ní lọ jìnnà kí n tó mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti arákùnrin kan fi jọ ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Tábìlì wa kọjú sí ara wọn. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, "Ẹ̀gbọ́n" ni ó sì máa ń pè mí. Bùútà kan náà ni a fi ń ṣe àlùwàlá lọ́sàn-án, orí ẹní kan náà ni a ti ń kí ìrun Àílà. Nígbà tí ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún 2017, èmi ni mo ṣe onídùúró fún un. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí okùn já. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo máa ń fi àdúà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, yóò sì dá mi lóhùn pé, "Àmín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú Jímọ́ọ̀."

Ní Jímọ́ọ̀ kan ní ọdún 2023, mo fi àdúà náà ránṣẹ́, máàkì kan ṣoṣo ni ó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní bóyá iná ni kò sí ládùúgbò rẹ̀. Jímọ́ọ̀ kejì, máàkì kan. Jímọ́ọ̀ kẹta, máàkì kan, fọ́tò òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí mo mọ̀ ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú gúrúùpù àwa tí a ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, arákùnrin yìí ń sọ̀rọ̀, ó ń kí àwọn tí wọ́n bímọ, ó ń dá sí àpárá. Ìgbà náà ni ó yé mi pé fóònù rẹ̀ kò kú. Èmi ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́.

BÍ ÌLẸ̀KÙN NÁÀ ṢE Ń TÌ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àìmọ̀ ni ó ń bí ọ̀pọ̀ ìfura. Bí ẹni méjì bá ń bára wọn yan odì ní ilé tàbí ní ọjà, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀, àgbà kan yóò sì pè wọ́n jókòó. Lórí fóònù, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Facebook, kò sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò wá bá ọ. Ọjọ́ tí o bá wá a láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni o kò ní rí i níbẹ̀ mọ́. Ti WhatsApp tún ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dí ọ lọ́nà, o kò ní rí ìgbà tí ó wọlé kẹ́yìn, bí ó bá pààrọ̀ fọ́tò o kò ní rí i, ìpè rẹ lórí WhatsApp kò ní wọlé, iṣẹ́ tí o bá sì rán yóò dúró lórí máàkì kan. Kódà bí ó bá padà ṣí ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àwọn iṣẹ́ tí o rán nígbà tí ìlẹ̀kùn tì kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ WhatsApp sọ ọ́ fúnra wọn pé ńṣe ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àmì náà má dáni lójú, kí àṣírí ẹni tí ó dí ènìyàn lè bò.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Máàkì kan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, ẹni tí kò ní dátà, ẹni tí ó yí nọ́ńbà padà, ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rí fọ́tò òun, ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni wọn yóò fi hàn ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn Àsàlátù nígbà kan pé ọ̀gá òun àtijọ́ ti dí òun. A pe nọ́ńbà náà ní ìpè lásán, ìyàwó ọ̀gá ni ó gbé e. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ rẹ̀ ti wà ní ọsibítù. Ní Súrà kọkàndínláàádọ́ta, ẹsẹ kejìlá, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé kí á yẹra fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. A máa ń ka ẹsẹ yìí nígbà tí a bá ń wàásù nípa òfófó. Ó ba fóònù mu dáadáa.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń DUNNI

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀rọ lásán ni." Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn kan tí ń jẹ́ Kipling Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 1,486 láti orílẹ̀-èdè 62 ni ó kópa nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí wọ́n máa bá àwọn méjì kan tí wọn kò rí ju nǹkan síra wọn lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn méjì náà kì í tilẹ̀ ṣe ènìyàn, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣeré kò mọ̀. Fún àwọn kan, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn méjì wọ̀nyí kò ju nǹkan náà sí wọn mọ́. Eré tí kò lérè, pẹ̀lú àwọn tí wọn kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì ní í rí láéláé, síbẹ̀ inú wọn bàjẹ́, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Bí àjèjì bá lè fa èyí, kí ni kí á wá sọ nípa ẹni tí ẹ jọ jẹun ìṣínu fún ọdún mẹ́sàn-án?

Olùwádìí mìíràn, Christopher Sibona ní Yunifásítì Colorado ní Denver, yẹ ọ̀rọ̀ kí á máa yọ ènìyàn kúrò lọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook wò. Nínú èsì tí ó jáde ní ọdún 2014, àwọn tí a jọ lọ sí ilé-ìwé girama ni wọ́n sábà ń yọ jù, àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ sì wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹlẹgbẹ́ ilé-ìwé, ohun tí ó ń kọ nípa ìṣèlú tàbí ẹ̀sìn ni ó sábà ń fà á. Ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, ohun tí ó ṣe lójúkojú ni, kì í ṣe ohun tí ó kọ. Mo ka èyí, mo sì fi í tu ara mi nínú, nítorí pé mo mọ̀ pé n kò ṣe ohun kan lójúkojú sí arákùnrin yìí. Ẹ ó rí i níwájú pé mo yára jù.

ṢÉ YÍYAN ODÌ NI?

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí kí ó yan arákùnrin rẹ̀ lódì kọjá òru mẹ́ta, tí wọn yóò pàdé, tí èyí yóò kọjú síhìn-ín, tí ọ̀hún yóò kọjú sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ sọ sàlámọ̀ ni ó lóore jù nínú àwọn méjèèjì.

Ǹjẹ́ dídí ènìyàn lórí WhatsApp wọ inú èyí? Ohun tí ó yé mi ni mo ń sọ, kí àwọn Alfa wa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe bí mo bá ṣì í. Bí ẹni náà bá pàdé rẹ lọ́nà mọ́ṣáláṣí, tí ó dá sàlámọ̀ rẹ lóhùn, tí ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, kò yàn ọ́ lódì. Ó kàn kò fẹ́ iṣẹ́ rẹ lórí fóònù ni. Fóònù rẹ̀ dà bí pálọ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun tilẹ̀ sọ nínú Súrà kẹrìnlélógún pé bí a bá dé ilé onílé, tí wọ́n ní kí á padà, kí á padà ni, ìyẹn ni ó mọ́ jù fún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó jẹ́ pé fóònù nìkan ni ọ̀nà tí sàlámọ̀ lè gbà, ẹni tí ó bá tì í nítorí ìbínú ti sún mọ́ yíyan odì gan-an.

Mo ní láti dúró níbí díẹ̀ nítorí àwọn arábìnrin wa. Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ ń fi hàdíìsì òru mẹ́ta yìí dẹ́rù ba ọmọbìnrin tí ó dí i lọ́nà, nítorí pé òru ni ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣákálá ránṣẹ́ sí i. Ìlòkulò gbáà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ kò sọ rí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń ba ẹ̀sìn tàbí ayé rẹ̀ jẹ́. Arábìnrin, bí ìdí rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tì í, kí o sì sùn dáadáa.

KA'B ỌMỌ MALIK

Nínú gbogbo ìtàn àwọn sàábé, n kò mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó ìtàn Ka'b ọmọ Malik. Ní ọdún kẹsàn-án Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 630, Ànábì wa jáde lọ sí Tàbúkù. Ka'b ní ohun ìrìnnà, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ń sọ lójoojúmọ́ pé òun yóò múra lọ́la, títí àwọn ènìyàn fi lọ. Nígbà tí Ànábì dé, àwọn tí ó lé ní ọgọ́rin wá ṣe àwáwí. Ka'b sọ òtítọ́ pé òun kò ní àwáwí kankan. Ànábì wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má bá òun àti àwọn méjì mìíràn sọ̀rọ̀. Àádọ́ta òru ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì yòókù jókòó sílé, wọ́n ń sunkún. Ka'b kò jókòó. Ó ń lọ kírun pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí, ó ń rìn lọ́jà, kò sì sí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń kí Ànábì ní sàlámọ̀ lẹ́yìn ìrun, yóò sì máa wò ó bóyá ètè rẹ̀ mì láti dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́ jù, ó gun ògiri ọgbà Abu Qatadah, ìbátan rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn jù nínú àwọn ènìyàn. Ó sọ sàlámọ̀. Abu Qatadah kò dáhùn. Ó bi í bóyá kò mọ̀ pé òun fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ rẹ̀. Kò dáhùn. Ó tún bi í. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn sọ pé Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ jù. Omi bọ́ lójú Ka'b, ó yí padà, ó sì tún gun ògiri náà jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé òun náà lè gé ènìyàn fún àádọ́ta ọjọ́. Àṣẹ ni ìyẹn, gbogbo ènìyàn mọ ìdí rẹ̀, àánú Ọlọ́hun ni ó sì parí rẹ̀. Ìwà ẹni tí wọ́n gé ni mo fẹ́ kí á wò. Ó gun ògiri lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó gbọ́ èsì, ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra síìmù tuntun nítorí pé lágbájá dí ti àkọ́kọ́, tí ẹ tún ń ya fóònù ọmọ aládùúgbò, ẹ kíyè sí i.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Àgbẹ̀ kan láti ilẹ̀ Ṣámù mú ìwé ọba Ghassan wá fún un, pé àwọn ti gbọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ hùwà líle sí i, kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ka'b sọ ìwé náà sínú ààrò tí ń jó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá èmi náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ẹnì kan nínú gúrúùpù wa fi kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé arákùnrin yẹn ti dí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó máa ń sọ nípa yín nígbà tí ẹ wà níbí." Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ mi ń yún mi láti sọ pé, "Máa wí." Mo ti ń rántí owó tí mo ṣe onídùúró rẹ̀, mo ti ń pè é ní aláìmoore nínú ọkàn mi. Ọlọ́hun ni ó kó mi yọ. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ láìdáhùn, ṣùgbọ́n n kò ní pa irọ́ pé ó rọrùn.

OHUN TÍ MO ṢE TÍ N KÒ MỌ̀

Ohun tí ó wá dá mi dúró fún bí oṣù mẹ́rin kì í ṣe bí ènìyàn kò ṣe mọ ọ̀nà. Ipò ẹ̀gbọ́n ni. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọdé ni ó ń kí àgbà, òun ni kí ó wá. Òtítọ́ sì ni pé Ànábì wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé kí ọmọdé máa kí àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ àwọn méjì tí ń bára wọn yan odì, kò dárúkọ àgbà tàbí ọmọdé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ sàlámọ̀ ni ó ní ó lóore jù. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iléekéú ní hàdíìsì yìí láìmọye ìgbà.

Ibi súná ọmọ kan ni mo ti gbọ́ òkodoro. Alhaja kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti dá àbúrò yín dúró lẹ́nu iṣẹ́?" N kò mọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún un ní ìwé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn kan nínú gúrúùpù ń sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń dín òṣìṣẹ́ kù, èmi àgbà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá kankan kò ní lé e. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni ó fi ẹ̀rín sí i. Ní Jímọ́ọ̀ ni máàkì di ẹyọ kan.

Mo ti yẹ ara mi wò tẹ́lẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí àbùkù. Ibi tí mo ti wá a ni kò tọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sáàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bà á, n kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N MÚ U WỌLÉ

Ìyá wa Aishah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí wọn, bínú nígbà kan sí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, Abdullah ọmọ Zubayr, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa bí wọ́n ṣe ń ná owó wọn. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Ó wá lọ bá Miswar ọmọ Makhramah àti Abdurrahman ọmọ Aswad. Àwọn méjèèjì fi aṣọ wọn bò ó láàárín, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n béèrè bóyá àwọn lè wọlé, gbogbo àwọn. Ìyá wa ní kí gbogbo wọn wọlé, láìmọ̀ pé ó wà láàárín wọn. Ó wọlé, ó dì mọ́ wọn, ó ń sunkún. Àwọn méjì yìí sì ń rán wọn létí hàdíìsì òru mẹ́ta. Ìyá wa náà ń sunkún pé ẹ̀jẹ́ náà le, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ogójì ẹrú sílẹ̀ ní ìtánràn ẹ̀jẹ́ náà.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n bínú sí ni ó lọ wá alárinà, ó sì wá àwọn tí ẹni tí ń bínú bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tirẹ̀ tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi náà bẹ Alhaja yẹn. N kò bẹ̀ wọ́n pé kí ó ṣí mi sílẹ̀ lórí WhatsApp. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé n kò mọ̀ ní ọjọ́ yẹn, pé bí mo tilẹ̀ mọ̀ tàbí n kò mọ̀, ọ̀rọ̀ burúkú ni, kò sì yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde. Inú gúrúùpù ni mo ti sọ ọ́, nítorí náà inú gúrúùpù náà ni mo ti kọ ọ́ pé mo kó ọ̀rọ̀ mi nípa àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ jẹ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. N kò sọ.

Alhaja ní ó gbọ́ ọ, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n." Ó ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ báyìí, ó ń ta ohun èlò iná mànàmáná.

Ní Iléyá ọdún 2024, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí i, èyí tí kò gba orí WhatsApp kọjá: sàlámọ̀, àdúà fún òun àti àwọn ọmọ, kò ju ìlà méjì lọ. Ó di ọ̀sán kí èsì tó dé. "Àmín, Ẹ̀gbọ́n. A ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé." Lórí WhatsApp, máàkì kan ṣoṣo ni ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúà Jímọ́ọ̀ mẹ́ta yẹn. N kò bi í léèrè.